Bàbá, Ẹ Má Wá Dọ̀bálẹ̀ fún Wọn ní Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìnáwó ìdílé, ẹ kú àìsùn nítorí wa. Màámi, ẹ kú ilé, ṣé ẹsẹ̀ tó ń wú yín ti ń rọlẹ̀ báyìí? Ìyá àgbà, mo kí yín o. Ẹ ṣì máa pẹ́ fún wa, ẹ ó sì máa bú wa lọ bí ẹ ṣe ń bú wa. Bọ̀dá Wàsíù, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹ̀yin lẹ máa ka lẹ́tà yìí sí etí Bàbá, mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan, kódà ibi tí kò bá dùn ún kà.

Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mo kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta ní gbangba, nítorí ọ̀pọ̀ bàbá ní Ìwó ló ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ yìí sì lè kan àwọn náà lọ́la. Bọ̀dá Sákà, alágbàtọ́ mi ní Ìkòròdú, pè mí, ó ní ẹ ti gbà láti wọkọ̀ wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ wá dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá tó gbá mi létí, kí wọ́n lè gbà mí padà sí ilé búrẹ́dì. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ìròyìn ayọ̀. Ó ní mo ní bàbá rere. Mo mọ̀ pé mo ní bàbá rere. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé pé ẹ má wá.

Mo lè pè yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe é lórí fóònù. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ní ó tó, ẹ ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, èmi náà á sì máa ṣe àmín títí káàdì á fi tán. Mo ti ṣe àmín tó. Lẹ́tà kò ṣeé dá ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ kò dé ilé búrẹ́dì náà rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Kò jìnnà sí Benson, níbi tí ọkọ̀ gbogbo ti ń kó èrò. Òrùlé rẹ̀ kò ga, ààrò inú rẹ̀ kì í sì í tutù. Bí òjò bá ń rọ̀ níta, omi á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ooru á sì wà lókè, tó fi jẹ́ pé orí wa á máa làágùn, ẹsẹ̀ wa á sì wà nínú omi tútù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé búrẹ́dì tó bá ti jáde nínú ààrò lọ sórí tábìlì, kí n yọ wọ́n kúrò nínú páànù, kí n dúró kí wọ́n tutù, kí n tó dì wọ́n sínú ọ̀rá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ ló sú mi. Òórùn búrẹ́dì àárọ̀ máa ń jẹ́ kí n gbàgbé pé n kò ní ọ̀rẹ́ kankan ní ìlú náà àyàfi ọmọbìnrin Ṣakí kan tí a jọ ń gbé yàrá. Bí oṣù bá parí, mo ń rí nǹkan fi ránṣẹ́ sí Màámi, èyí tó kù á sì gbé mi dé oṣù mìíràn.

Ọ̀gá tó wà lórí wa níbẹ̀ ń jẹ́ Kàmọ́rù. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Dádì ni gbogbo wa ń pè é, tọkùnrin tobìnrin, títí kan Ìyá Tóyìn tó ti di ìyá ọlọ́mọ. Lójoojúmọ́ ló máa ń gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, tí àwa obìnrin á máa kúnlẹ̀ kí i lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó wọlé, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì tí ìyẹ̀fun àti òróró ti pò pọ̀ sí. Ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ dáadáa, á ní kó padà lọ tún un ṣe. Èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbá létí. Ó ti gbá ẹni tó jẹ́ kí búrẹ́dì jóná, ó ti gbá ẹni tó pẹ́ dé, ó ti fi páànù lu ẹnì kan léjìká. Ẹni tó bá lù yóò sunkún díẹ̀, á sì tún lọ sọ pé Dádì, ẹ má bínú. Ọkùnrin ń lù wá, a ń pè é ní bàbá wa. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó ń ṣe mí bí ẹni tó jẹ ọbẹ̀ tó ti kan, tó sì mọ̀ pé ó ti kan kí òun tó jẹ ẹ́.

Kí ẹ má rò pé ìkúnlẹ̀ ló ń dùn mí. Ilé tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ ni mo ti wá, ẹ̀yin àti Màámi lẹ kọ́ mi, mo sì ń kúnlẹ̀ fún ẹni tí n kò mọ̀ rí lójú títì tó bá ti jù mí lọ. N kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní Ìkòròdú ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé èèyàn lè máa gba ìkúnlẹ̀ bí ẹni tó ń gba owó orí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò rọ̀, Dádì kò sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Mo gbé pákó gígùn tí a to páànù búrẹ́dì gbígbóná sí, mo fi àkísà di etí rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, mo ń bọ̀ láti ìdí ààrò. A pàdé ní ọ̀nà tóóró tó wà láàárín tábìlì àti ògiri. Mo ní ẹ káàárọ̀ o, Dádì, mo sì tẹ orúnkún mi díẹ̀ bí ẹni tó gbẹ́rù ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Ó bi mí pé ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Ìwó nìyẹn. Mo ní kó má bínú, kó jẹ́ kí n gbé ẹrù ọwọ́ mi kalẹ̀ ná, mò ń bọ̀ wá kúnlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, Bàbá. Mo ní mò ń bọ̀.

Ó gbá mi létí. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún òróró tí wọ́n fi ń pa inú páànù, ó yí mọ́ mi lójú, ó yí mọ́ híjáàbù mi, ó ṣàn wọ ọrùn mi. Pákó bọ́ lọ́wọ́ mi. Páànù gbígbóná kan bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀, búrẹ́dì yí káàkiri inú omi ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀. Etí mi ń hó. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n ṣà wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ṣà wọ́n. Bí mo ṣe wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹnì kan lẹ́yìn mi ń rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn ń sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí n tètè bẹ Dádì kó má baà tún ṣe òmíràn. Mo fọ híjáàbù yẹn títí, òórùn òróró náà kò kúrò lára rẹ̀. Mo jù ú nù.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé búrẹ́dì náà pé ẹnikẹ́ni tó bá jà níbi iṣẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màdáàmù tó ni ibẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Nígbà tó dé lọ́sàn-án tó rí búrẹ́dì tó ti bàjẹ́, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Dádì ní èmi ni mo fi páànù gbígbóná ti òun láyà nígbà tí òun bá mi wí. Èmi náà sọ tèmi. Màdáàmù kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó ní kí àwa méjèèjì lọ jókòó sílé títí di Mọ́ńdè, pé òun á pe àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè ló máa lọ. Ojú Ìyá Tóyìn ló ṣe, ìdí tábìlì ló wà. Ó dì mọ́ mi lẹ́nu géètì, ó ní òun á sọ ohun tí òun rí. Etí mi ń dùn mí nígbà tí mo ń lọ sílé, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀.

Mo pè yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu yín ni, “Kí lo ṣe fún un?”

N kò bínú sí yín nígbà yẹn. Mo ṣe àlàyé, ẹ sì fetí sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá ní àgbàlagbà kan kì í déédéé gbá ọmọ ọlọ́mọ létí. Ẹ ní bí mo ṣẹ̀ ẹ́, bí n kò ṣẹ̀ ẹ́, kí n wá Bọ̀dá Sákà, kí a jọ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀ kí Mọ́ńdè tó pé, pé nígbà tí Màdáàmù á bá fi pè wá, ọ̀rọ̀ á ti parí. Ẹ ní ìkúnlẹ̀ kan kò ní kí orúnkún mi ṣẹ́. Màámi gba fóònù, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Mo ní mo ti gbọ́.

Bọ̀dá Sákà ni ẹ gbé mi lé lọ́wọ́ nígbà tí mo ń kúrò nílé, òun náà ló bá mi wá iṣẹ́ náà, nítorí náà n kò lè já a níyàn. Ó ní kí n ra kìréètì mọ́ltì kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ sìn mí lọ sí ilé Dádì ní ọ̀sán Sọ́ńdè. A bá a tó ń jẹun. Bọ̀dá Sákà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí Bọ̀dá Sákà dìde, kó jókòó. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Dádì ń jẹ èbà rẹ̀ lọ. Ọbẹ̀ ń ṣàn láàárín ìka ọwọ́ tó fi gbá mi, ó ń lá a, ó tún ń tọwọ́ bọ abọ́. Mo ń wò ó láti ilẹ̀ níbi tí mo wà.

Nígbà tó jẹun tán, ó ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo wá ṣe. Ìyàwó Bọ̀dá Sákà fi ẹsẹ̀ kàn mí lẹ́yìn. Mo ní, Dádì, ẹ má bínú, mo ṣẹ̀ yín. Ó ní kí n tún un sọ sókè, pé ìyàwó òun tó wà ní kíṣìnnì kò gbọ́. Mo tún un sọ. Ló bá fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá tán lé mi lórí, ó ń súre fún mi, wọ́n ń ṣe àmín. Wọ́n pín mọ́ltì náà mu. Bọ̀dá Sákà fi eyín ṣí tirẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, a ti di ọ̀kan. Ojú ọ̀nà ló ti pè yín. Mo gbọ́ ohùn yín nínú fóònù rẹ̀, inú yín dùn, ẹ ní mo fi hàn pé ilé rere ni mo ti wá. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo bi gbogbo ohun tí mo jẹ láàárọ̀.

Nígbà tí Mọ́ńdè dé, Dádì kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wọ aṣọ funfun bí ẹni tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Màdáàmù ní kí n sọ tèmi, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dádì jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó wá ní kí Màdáàmù bi mí ibi tí mo wà ní ọ̀sán àná. Ó ní, “Ẹni tí wọ́n gbá létí, ṣé òun ló máa gbé mọ́ltì lọ bẹ ẹni tó gbá a?”

Màdáàmù wò mí. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé ṣé mo sọ pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo ní mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n pé ó jù mí lọ ló jẹ́ kí n sọ ọ́, pé bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Ó pe Bọ̀dá Sákà lórí fóònù, ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Bọ̀dá Sákà ní ẹ̀bẹ̀ ni àwọn lọ bẹ̀, àwọn kò wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n pe Ìyá Tóyìn wọlé. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní òun kọ ẹ̀yìn sí wa nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé, mo mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ kò níṣẹ́. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tó ń sunkún pé kí n dárí ji òun, mo pa á rẹ́ kí n tó gbọ́ ọ dé ìdajì.

Màdáàmù na ọwọ́ sí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, ó ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi, tí Dádì sì padà sí ìdí ààrò. Ó tún ní kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màdáàmù pé kò fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ni n kò ṣe.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a ti ṣì í. Nílé wa, bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọdé àti àgbà, ọmọdé á kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, àwọn àgbà á sì wá jókòó, wọ́n á wádìí rẹ̀, wọ́n á bá àgbà tó ṣe ohun tí kò tọ́ wí nínú yàrá. Ẹ̀bẹ̀ nílé wa kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ó kàn ń jẹ́ kí ilé tutù kí a lè sọ̀rọ̀ ni. A gbé ìwà yẹn láti Ìwó, a gbé e dé ibi iṣẹ́ olówó oṣù, níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa lé. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá. Èyí tó sì kó mi nírìíra jù ni pé Màdáàmù kì í ṣe àjèjì. Ọmọ Ìkòròdú ni. Òun náà ń kúnlẹ̀ fún àwọn ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe, kí ilé lè tòrò. Ó mọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í rọrùn láti rí ẹni tó mọ ìdí ààrò, àwa tí ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá sì pọ̀ káàkiri. Ó yan èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì fi ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ fún mi bo ara rẹ̀ lójú.

Mo wá iṣẹ́ ní àwọn ilé búrẹ́dì mìíràn. Àwọn ọ̀gá wọn mọ ara wọn. Ní èyí tó wà ní Ìmọ̀tà, tí mo ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà ẹrẹ̀ kí n tó débẹ̀, ọkùnrin tó gbà mí lálejò dára, ó tilẹ̀ fún mi lómi mu, àfi ìgbà tó gbọ́ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ṣé èmi ni ọmọbìnrin tó ń fi páànù lu ọ̀gá. Ó ní òun kò fẹ́ wàhálà. Ẹni tó lù mí ń jẹun níbi iṣẹ́ rẹ̀, èmi ni mo di oníjà jákèjádò Ìkòròdú.

Nígbà yẹn ni owó tí mo ń fi ránṣẹ́ já, Màámi. Ẹ kò béèrè, mo sì mọ̀ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti béèrè ni. Ẹ ṣé.

Ọmọbìnrin Ṣakí tí a jọ ń gbé ló mú mi wá sí Ẹ̀pẹ́, sọ́dọ̀ Alhája kan tó ń ta àwọ̀n àti okùn fún àwọn apẹja. Ará ilé àwọn tí baba ńlá wọn wa ọkọ̀ ojú omi kúrò ní Èkó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ láyé ijọ́un ni, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn, kí oníbàárà yáa wá ibi jókòó sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa so òjé tó ń mú àwọ̀n rì sínú omi mọ́ etí rẹ̀, kí n máa wọn okùn fún àwọn tó wá rà. Owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì. Ọwọ́ mi ń bó. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń wọlé láàárọ̀, ó máa ń tutù débi pé mo ń wọ súwẹ́tà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, tí ilé gbogbo bá ń gbọ́ ariwo ọmọ àti ẹbí, mo máa ń lọ jókòó sí etí omi títí yóò fi rọlẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni àárò ilé máa ń sọ mí jù.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, Alhája wọlé, mo sì fi àwọ̀n sílẹ̀ kíá, mo kúnlẹ̀, àyà mi ń já. Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni tí n kò yé. Ó ní kí n máa fi ẹnu kí òun bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, pé ọwọ́ mi ni òun ń sanwó fún, òun kò sanwó orúnkún. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àyà mi tó rọlẹ̀.

Bí ara mi ṣe ń balẹ̀ nìyẹn tí ìpè Bọ̀dá Sákà fi dé. Dádì tún ti na ẹlòmíràn, ọkùnrin kan tó ń po ìyẹ̀fun, ẹni yẹn sì ti bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Ọdún ń bọ̀, búrẹ́dì ń tà, ọwọ́ kò tó. Màdáàmù wá rántí mi. Ó ní òun á gbà mí padà, ṣùgbọ́n Dádì ní àfi kí bàbá mi wá fúnra rẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀ fún òun lójú gbogbo òṣìṣẹ́, kó sì sọ pé òun á kọ́ ọmọ òun. Bọ̀dá Sákà bá a gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ní ẹ ti gbà, nítorí pé iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan. Ẹ ní kí n bẹ ọkùnrin yẹn nítorí pé àgbà ni. Mo ti rí i lójú kòrókòró. Bóyá ni ó fi ọdún díẹ̀ ju Bọ̀dá Wàsíù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bí Bọ̀dá Wàsíù lẹ fẹ́ gbé àyà lé ilẹ̀ fún un? Ibo ni ọ̀rọ̀ àgbà tí ẹ sọ fún mi wá wọlé sí? Ilẹ̀ tí mo ń sọ yìí, mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo máa ń gbá a. Ìyẹ̀fun tó ti ṣá, òróró, itọ́ àwọn ọkùnrin, omi gọ́tà tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo ń rí fìlà yín nínú rẹ̀ tí mo bá dijú. Mo ń rí àwọn tó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín, mo sì ń rí i tó jókòó sórí àga tí kò ní ní kí ẹ dìde. N kò lè jẹ búrẹ́dì tó bá ti ibẹ̀ jáde, ká má tíì sọ pé kí n dì í fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, lánàá, mo pe Màdáàmù fúnra mi. Mo kí i dáadáa. Mo sọ fún un pé ọ̀gá tó fi sórí wa gbá mi létí, pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó lé mi, àti pé mo gba ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ní ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn padà nítorí pé n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní n kò padà wá. Ó ní mo ti ya aláìgbọràn, pé màá kábàámọ̀. Ó gé fóònù. Tí ẹ bá wá lọ síbẹ̀ ní Sátidé, iṣẹ́ tí n kò ṣe mọ́ lẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti tọ́jú owó ọkọ̀, ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wọ òmíràn níbẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, kò ní gbé yín dé ìtòsí Ìkòròdú rárá. Ẹ wá wo ibi tí mo wà. Alhája ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ wá, ó ní òun á fi ẹja tútù ṣe yín lálejò. Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan fún yín kí ẹ tó dé. Ó bi mí lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un, pé ta ló rán mi lọ bẹ ẹni tó lù mí. Mo ní Bọ̀dá Sákà ni. N kò lè dárúkọ yín, Bàbá, ojú tì mí. Obìnrin yẹn kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, ó sì lè bi ẹ̀yin náà. N kò ní bá yín dá sí i. Màá máa so òjé mi lọ, màá sì máa tẹ́tí sílẹ̀ gbọ́ ohun tí bàbá mi máa sọ.

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà. Kí ẹsẹ̀ Màámi rọlẹ̀, kí ojú Ìyá àgbà má ṣú, kí iṣẹ́ ọwọ́ Bọ̀dá Wàsíù má bàjẹ́. Kí Ọlọ́run má fi ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá ka lẹ́tà yìí sí abẹ́ ọwọ́ ìkà. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn aládùúgbò, ẹ kí lémọ̀ọ́mù mọ́sálásí wa. Ẹ kí Bọ̀dá Sákà náà tó bá pè yín, ẹ sì sọ fún un pé ẹ kò wá sí Ìkòròdú mọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù,
láti Ẹ̀pẹ́.